Ògiri Tí Àwọn Ewúrẹ́ Ń Lá

Ọdún tí a kó kúrò ní Anoumabo lọ sí Gonzagueville létí òkun Abidjan ni mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sùn pẹ̀lú ariwo òkun. Ní Anoumabo, ilé àyágbé la wà. Ìdílé mẹ́jọ ló yí àgbàlá kan ṣoṣo ká, ẹ̀rọ omi kan ló wà láàárín wa, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ń ṣe tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà garawa, lẹ́yìn náà ikọ́ ìyá Bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wá sọ fún Ọlọ́run pé òun tún jí o. Ìgbà yẹn ni Màmá máa ń gbé omi kaná. Nígbà tí a dé ilé tiwa, ohùn àwọn aládùúgbò kò sí mọ́, ariwo omi òkun ló gba ipò wọn, ó ń ya lu èbúté láìsinmi, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ àti garawa àti ikọ́ Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa débẹ̀. Mo rò pé ohun tó mú kí ilé náà tètè di ilé lójú mi nìyẹn.

Bàbá ló fẹ́ kọ́ ilé. Ọmọ Ìgbòho ni, ó ti wà ní Abidjan láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, abọ́ tánńganran ló sì ń tà ní ọjà Abobo Gare. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í bá ẹni tó bá mú ìwé lọ́wọ́ jiyàn, nítorí pé gbogbo ìyà tó ti jẹ ẹ́ ní ìlú onílùú, àìní ìwé ló fà á. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní kí ó pe Sédù, bàbá kan láti ẹ̀yà Mọ́sì tó ti mọ ilé fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ó ní òun kò fẹ́ bíríkìlà lásán, agbaṣẹ́ṣe tí ìjọba fọwọ́ sí ni òun ń wá. Ó sì rí i. Mùsé Antoine ni a ń pe ọkùnrin náà, mùsé ni ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ìwé àṣẹ rẹ̀ ní òǹtẹ̀ méjì, inú ọ̀rá ló máa ń fi í sí kí òógùn má baà bà á jẹ́, kò sì sí ọjọ́ tó wá sọ́dọ̀ wa tí kì í tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ó tó jókòó. Ohun tó pa Màmá lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Sédù yẹn náà ni Mùsé Antoine kó wá pé kó máa mọ ilé fún wa.

Iyọ̀ ni Màmá ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Bàbá. Ó ń tà á ní àpò, ó ń tà á ní ìwọ̀n, iyọ̀ sì ti jẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ débi pé bó bá fọwọ́ kan ojú mi, ńṣe ló dà bí èèpo igi. Àwọn Júlà oníbàárà rẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Kọ̀gọ̀tígí lọ, ìyẹn oníyọ̀. Bí wọ́n bá bu iyọ̀ sí i lọ́wọ́, yóò ti mọ̀ bóyá ó ti mu omi, bóyá wọ́n ti pò ó mọ́ yanrìn, bóyá ó ti pẹ́ nínú ọkọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì rò pé gbogbo ìyá ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti tọ́jú ilé báyìí, mo ti bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fa ọ̀rọ̀, mo sì ti rí i pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló mọ ohun kan débi tí wọ́n lè fi gbogbo ara wọn lé e.

Nígbà tí a wọlé, Màmá se ọbẹ̀ ilá, ó sì ra àtíẹkẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín fún àwọn aládùúgbò. Yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ni ilé náà, ọ̀dà rẹ̀ funfun, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni wọ́n fún Ìyá Àgbà, kí oòrùn àárọ̀ lè máa bá a níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra ògiri náà láti igun dé igun, ó ní òun kò mọ̀ pé òun yóò sùn sínú ilé ọmọ òun kí òun tó kú. Ojú Bàbá rọ̀ bí ojú ọmọdé lọ́jọ́ náà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, òjò Abidjan tí kì í kánjú dá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àmì ọ̀rinrin yọ ní ìsàlẹ̀ ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dà wú bí awọ ara tó jóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya bọ́. Mùsé Antoine wá, ó tẹ́ ìwé rẹ̀, ó wo ògiri, ó sì rẹ́rìn-ín pé ilé tuntun a máa làágùn bí ìyàwó tuntun, yóò gbẹ. Ó ní kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n kùn ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọ̀dà náà lò.

Nígbà tó tún wá, ìrẹ́ ògiri ti ń já lulẹ̀ nínú yàrá Ìyá Àgbà, ikọ́ rẹ̀ sì ti yàtọ̀, ó ti wọnú, ó ń pẹ́ kó tó tán. Mùsé Antoine rìn yí ilé ká. Ó dé yàrá ẹ̀yìn, ó rí àpò iyọ̀ méjìlá tí Màmá tò síbẹ̀, ó sì dúró. Mo rántí ojú rẹ̀ dáadáa, bí ojú ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá. Ó yíjú sí Bàbá, kò wo Màmá rárá, ó sọ ọ́ ní Faransé, Bàbá sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré.

“Ó ní iyọ̀ rẹ ló ń jẹ ilé.”

Màmá gbójú sókè. Bàbá ló ń wò, ó ń retí pé kó sọ nǹkan kan. Bàbá sì ń wo ìwé tó wà lórí tábìlì. Títí di òní, bí mo bá rántí ọdún yẹn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ òkun pàápàá. Kì í ṣe pé Bàbá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹni tó ní òǹtẹ̀ méjì pé irọ́ ló ń pa ni. Ìyá Àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì pe àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí àlejò lọ. Ó rán wọn létí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ó ní ògiri ilé ti lanu ná, kí ti àárín àwọn méjèèjì má ṣe lanu.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Màmá kó iyọ̀ jáde. Ó háyà ọmọlanke, ó kó àpò méjèèjìlá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ìsọ̀ tó ṣeé tì, ó gbá yàrá náà, ó fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá mú èédú kan nínú ààrò, ó pè mí pé kí n di àga mú fún òun. Ó fi èédú náà fa ìlà sára ògiri yàrá Ìyá Àgbà, ní ibi tí ọ̀rinrin gùn dé gan-an. Ó ní kí a fún òjò láyè, ká wo ohun tí yóò ṣe nígbà tí kò sí iyọ̀ nílé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó ń fa ìlà tuntun, èmi ni mo sì ń di àga mú. Ìlà kejì ju ti kìíní lọ pẹ̀lú ìka méjì. Ẹ̀kẹta tún gòkè. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò ráhùn. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń bọ̀, ó ń se omi ewé fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ń fa ìlà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí àwọn ewúrẹ́. Aládùúgbò wa kan ní ewúrẹ́ mẹ́fà tí ó máa ń tú sílẹ̀ láàárọ̀. Koríko wà níwájú ilé, èèpo ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àtíẹkẹ́, síbẹ̀ ara ògiri wa ni wọ́n máa ń wá, wọ́n ó tò bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n ó máa fi ahọ́n lá a láti òkè dé ilẹ̀. Mo lé wọn títí ó fi sú mi, ni mo bá lọ fi ẹjọ́ wọn sun Màmá. Ó wá. Ó dúró, ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó lé wọn díẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lá, ní ìta pátápátá, níbi tí àpò iyọ̀ kankan kò dé rí, ó fi ìka họ ògiri náà, ó sì fi ìka sẹ́nu. Ó mú mi lọ́wọ́, a rìn lọ sétí òkun. Ó bu yanrìn níbi tó gbẹ, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀. Ó ní iyọ̀ kan náà ni, a sì padà sílé.

Ọjọ́ kejì ló lọ bá Sédù níbi tó ti ń mọ ilé fún ẹlòmíràn. Ó gbé oúnjẹ lọ, ó sì mú mi dání. Ó jẹ́ kí bàbá náà jẹun tán, kó wẹ ọwọ́, kó tó bi í ní èdè Júlà ibi tí yanrìn ilé wa ti wá. Sédù wolẹ̀. Ó ní kamíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, gbé yanrìn odò wá lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Wọ́n ní kí àwọn máa fi ọmọlanke kó èyí tó wà nítòsí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òun ti ń mọ ilé, òun mọ̀ pé yanrìn òkun kì í gbé ilé ró, ṣùgbọ́n Mùsé Antoine ló ń fún òun níṣẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ló sì ń jẹun lọ́dọ̀ òun. Màmá ní òun gbọ́.

“Mi ò ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀ níbì kankan,” ló wí. “Búlọ́ọ̀kù méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe.”

Ọ̀kan ni kó fi yanrìn odò ṣe, ìkejì ni kó fi ti etí òkun ṣe, kí sìmẹ́ńtì wọn dọ́gba. Sédù ṣe é, ó fi irin kékeré kan sí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá gbé wọn lé orí pákó níwájú ilé, lábẹ́ òjò àti oòrùn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wọn. Kò tó oṣù kan tí èyí tó jẹ́ ti etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun lára bí ẹnu ọmọ tó lá ìyẹ̀fun, tí irin inú rẹ̀ sì ń sun omi pupa.

Bàbá rí gbogbo èyí, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ó máa ń bi Màmá pé ta ni yóò gbọ́ ti àjèjì nílùú onílùú. Ohun tó gbé e dìde ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a gbọ́ ìgbálẹ̀, tí a gbọ́ garawa, tí a kò sì gbọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n bá a lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, èémí rẹ̀ ń wọlé bí ẹni tó ń fa omi nínú igbá tó lu. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò kú, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọ́dọ̀ tún sùn nínú yàrá náà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Anoumabo, nínú àgbàlá tí a ti kúrò. Bàbá ti ibẹ̀ gba mẹ́rì lọ tààrà, pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń lọ, tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Obìnrin ni ọ̀gá tí wọ́n rán wá. Ó wọ bàtà gíga, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú yanrìn ní gbogbo ìṣísẹ̀, títí ó fi bọ́ wọn tí ó sì mú wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti pe Mùsé Antoine, wọ́n ti pe Sédù, àwọn aládùúgbò sì ti dúró láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Mùsé Antoine tẹ́ ìwé rẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iyọ̀, ó ṣe é pẹ̀lú sùúrù, ó sì dà bí òótọ́. Ọ̀gá obìnrin náà bi Bàbá ohun tó ní í sọ. Bàbá dìde. Ó ní òun kò mọ ohunkóhun nípa iyọ̀, ìyàwó òun ló mọ̀ ọ́n, òun yóò sì máa túmọ̀ ohun tó bá sọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbọ́ ọ dé òpin. Mo rí ọrùn Màmá tó nà.

Ó mú wọn wọ yàrá Ìyá Àgbà, ó fi ìlà èédú hàn wọ́n, mẹ́jọ, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ní èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ọjọ́ tí iyọ̀ jáde nílé. Ó mú wọn jáde síbi búlọ́ọ̀kù méjèèjì, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí wọ́n kàn dúró. Kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ dé. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kan kọjá bí ẹni tí kò rí i, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bò mọ́ ìkejì, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tètè dákẹ́. Mùsé Antoine bi wọ́n pé ta ló ṣe búlọ́ọ̀kù yẹn, pé ẹnikẹ́ni lè po ohun tó bá wù ú mọ́ sìmẹ́ńtì kó fi ba ẹlẹ́gbẹ́ òun lórúkọ jẹ́. Màmá ti ṣèlérí fún Sédù pé òun kò ní mú un wá sọ̀rọ̀, ó sì gbẹ́nu dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sédù ló bọ́ fìlà orí rẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe é,” ó wí. “Yanrìn tí mo fi ṣe èyí tí wọ́n ń lá yìí, òun náà ni mo fi mọ ilé yìí. Mo mọ̀ pé kò dára, mo sì mọ ọ́n.”

Ojú Mùsé Antoine rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá obìnrin náà ti mú báírò, ó ní òun yóò kọ ọ́ pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìdílé wa sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Inú gbogbo àwọn tó dúró dùn. Màmá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn, ó sì bi í ní ìbéèrè kan tí Bàbá tún gbé yẹ̀ wò lẹ́nu kó tó túmọ̀ rẹ̀.

“Bí ẹ bá gba ìwé rẹ̀, ta ni yóò wá tún ilé mi mọ? Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó wó o, kó tún un ṣe, pẹ̀lú Sédù, pẹ̀lú yanrìn odò. Èmi ni n ó máa tọ́ yanrìn náà wò.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Mùsé Antoine sì fọwọ́ sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, abẹ́ páànù tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àgbàlá la gbé, a ń dáná níta, eruku ilé tí wọ́n ń wó ń bà lé ọbẹ̀. Ìpìlẹ̀ kò ní àbùkù, orí rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí kamíọ̀n bá dé, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ dà á sílẹ̀ títí Màmá yóò fi gun ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò bu yanrìn láti ìsàlẹ̀, tí yóò fi sẹ́nu. Ó dá kamíọ̀n kan padà. Mùsé Antoine, tí a kò rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ń wá lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, kò gbé ìwé rẹ̀ dání mọ́. Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sán tó jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ń jẹ oúnjẹ tí Màmá bù fún un bó ṣe ń bù fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó sọ fún Bàbá pé òun kò fẹsẹ̀ ara òun lọ sétí òkun lọ́jọ́ kan, òun kàn ní kí wọ́n kó èyí tó wà nítòsí, òun sì díbọ́n pé òun kò mọ ibi tó ń jẹ́ nítòsí. Ó ní kí Bàbá bá òun bẹ ìyàwó rẹ̀. Bàbá ní kó bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sì bẹ̀ ẹ́, ní èdè Júlà tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń gbà síṣẹ́, mo ti wá mọ̀ báyìí pé kò wọ́pọ̀.

Ìyá Àgbà padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò náà rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, ògiri náà sì gbẹ. Ọdún mẹ́fà ló tún lò nínú yàrá yẹn.

Nígbà tí òjò náà dá, Bàbá lọ sí mẹ́rì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sọ ohun tó ń lọ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó dé lọ́sàn-án, Màmá ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, ó gbé ìwé ilé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì pè mí, nítorí pé èmi ni mo wà ní kíláàsì CM1, ọdún karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo lè ka Faransé fún wọn. Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tún un kọ. Mo kà á: orúkọ Bàbá, lẹ́yìn náà, lórí ìlà kan náà, Awawu Abẹ̀kẹ́, orúkọ Màmá, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Màmá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní kí n fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ han òun. Mo fi hàn án, ó sì gbé ìka rẹ̀ tí iyọ̀ ti jẹ lé ibẹ̀. Ó ní kí n fi ibi tó parí sí han òun, mo sì fa ìka náà lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àwọn lẹ́tà náà títí ó fi débẹ̀.

“Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ,” ló wí.